David Blackwell: Ìgbésí-Ayé àti Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Onímọ̀ Sìtàtísíìkì

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò mọ sí ààfin ọba tàbí ilé-ẹjọ́ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìpinnu láti ṣe: dókítà tí ó ń tọ́jú aláìsàn, oníṣòwò tí ó ń ra ọjà, ìjọba tí ó ń ka àwọn ará ìlú, àti yunifásítì tí ó ń gba olùkọ́ sí iṣẹ́. Ohun tí òwe náà ń tọ́ka sí ni pé ẹni tí ó fi díẹ̀ lára ẹ̀rí ṣe ìdájọ́, nígbà tí ìyókù ẹ̀rí wà nílẹ̀ tí ó lè bèèrè, ti hùwà àìtọ́, kódà bí ìdájọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Ìmọ̀ sìtàtísíìkì ni ìmọ̀ bí a ṣe ń kó òǹkà jọ, bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, àti bí a ṣe ń ti ara díẹ̀ tí a rí mọ púpọ̀ tí a kò rí. Ìmọ̀ yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn ka orí ìṣirò. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é jù lọ ní ọ̀rúndún ogún ni David Harold Blackwell, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1947, ó fi ìṣirò fi hàn pé ẹni tí ó bá ṣe ìfojúbù láìlo gbogbo ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é hàn án. Ọdún márùn-ún ṣáájú èyí, àwọ̀ ara rẹ̀ ti di ìdí tí yunifásítì ńlá kan kò fi gbà á sí iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò tọ ipasẹ̀ ìgbésí-ayé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a lè rí bí ó ṣe dé ibi tí ó dé, àti ohun tí ìdájọ́ aláìlẹ́rìí náà ná àwùjọ àwọn onímọ̀.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1919 ni a bí David Blackwell ní Centralia, ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Grover ni orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Mabel ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà fún aláwọ̀ dúdú nìkan àti èyí tí ó wà fún aláwọ̀ funfun nìkan ń bẹ ní ìlú náà nígbà náà, ṣùgbọ́n èyí tí Blackwell lọ gba ọmọ gbogbo ẹ̀yà pọ̀.

Ẹ̀kọ́ jiọ́mẹ́tìrì ni ó kọ́kọ́ fa ọkàn rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ó dàgbà, ó máa ń sọ nípa ìlà ìrànlọ́wọ́ tí àwọn olùkọ́ jiọ́mẹ́tìrì máa ń fà sí inú àwòrán. Ọ̀rọ̀ kan lè dà bí àdììtú lójú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti fa ìlà kan ṣoṣo sí ibi tí ó yẹ, ohun gbogbo yóò hàn kedere. Ẹwà tí ó rí nínú èyí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlà ìrànlọ́wọ́ báyẹn ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá kiri.

Ní ọdún 1935, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wọ Yunifásítì Illinois. Ohun tí ó ní lọ́kàn nígbà náà kò ju kí ó di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, ó gbọ́ pé ńṣe ni bàbá òun ń yá owó láti fi rán òun ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí bàbá rẹ̀ dẹ́kun gbèsè jíjẹ. Láti ìgbà náà, ó ń fọ abọ́, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, ó sì ń nu ohun èlò ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa kòkòrò, kí ó lè máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1938, oyè kejì ní 1939, àti oyè ọ̀mọ̀wé ní 1941. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Kò ju aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́fà lọ tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ṣáájú rẹ̀.

Joseph Doob, ọ̀kan nínú àwọn òpó ìmọ̀ ìṣeéṣe, ni ó ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n Markov ni iṣẹ́ náà dá lé. Èyí ni ìṣirò àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tẹ̀ léra, tí ó jẹ́ pé bí nǹkan ṣe rí lónìí nìkan ni a nílò láti mọ bí ọ̀la ṣe ṣeé ṣe kí ó rí, tí àná kò sì ní ohun mìíràn láti fi kún un.

Ọdún kan ní Princeton

Owó ìrànwọ́ àjọ Rosenwald ni ó gbé Blackwell dé Institute for Advanced Study ní ìlú Princeton ní ọdún 1941. Ibẹ̀ ni àwọn bí Albert Einstein àti John von Neumann wà. Ó jẹ́ àṣà nígbà náà kí Yunifásítì Princeton, tí ó múlé gbè é, fún àwọn ọmọ Institute náà ní ipò àpọ́nlé gẹ́gẹ́ bí àlejò ní yunifásítì. Nígbà tí ó kan Blackwell, olórí yunifásítì náà kọ̀wé fi àìdùnnú rẹ̀ hàn, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn aláṣẹ Institute náà kò yẹsẹ̀, àṣà náà sì mú ẹsẹ̀ dúró. Blackwell fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń lọ lẹ́yìn òun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó tó gbọ́.

Ìtàn kan tí ó máa ń sọ nípa ọdún náà fi irú ènìyàn tí ó jẹ́ hàn. Von Neumann, tí gbogbo ayé mọ̀ sí àràbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, pàdé rẹ̀, ó sì ní kí ó wá sọ ohun tí ó ṣe nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún òun. Blackwell rò pé ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni, kò sì lọ. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, von Neumann tún rí i, ó sì bi í léèrè ìdí tí kò fi wá. Ìgbà yìí ni wọ́n tó jókòó. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí von Neumann fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè, tí ó sì ń fọkàn ara rẹ̀ rí ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí tí Blackwell gbà lọ. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí kọ́ ni pé kò sí ìmọ̀ tí a kò lè túbọ̀ mú rọrùn bí a bá lóye rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀kùn Berkeley àti lẹ́tà tí ó lé ní 100

Ní ọdún 1942, Jerzy Neyman, ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì tí ó ń kọ́ ìmọ̀ sìtàtísíìkì dàgbà ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, fi ọ̀rọ̀ wá Blackwell lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Ó wu Neyman kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀ka ìṣirò ni Neyman wà nígbà náà, kò sì ní àṣẹ tirẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹ̀ka náà a máa pe àwọn olùkọ́ wá jẹun ní ilé rẹ̀, ó sì ti sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní wọ ilé òun. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kú síbẹ̀. Blackwell kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ wà, ìjẹ́rìí Doob wà, ọdún kan ní Institute wà, ojú tí Neyman fi rí i nígbà tí ó fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò náà sì wà. Kò sí èyí tí ó wọn nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo, tí kò tilẹ̀ kan iṣẹ́ náà rárá, ni a fi ṣe ìdájọ́.

Blackwell ní tirẹ̀ kò retí ohun mìíràn. Ó sọ nígbà tí ó di àgbà pé kò tilẹ̀ wá sí òun lọ́kàn nígbà náà pé òun lè kọ́ni ní yunifásítì àwọn aláwọ̀ funfun. Ó kọ lẹ́tà tí ó lé ní 100 sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Mẹ́ta péré ni ó nawọ́ iṣẹ́ sí i. Ó lọ sí Southern University ní Baton Rouge ní 1942, ó lọ sí Clark College ní Atlanta ní 1943, nígbà tí ó sì di 1944 ó dé Howard University ní Washington. Ní òpin ọdún yẹn kan náà ni ó gbé Ann Madison níyàwó. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí.

Ní Howard, ó bá Elbert Cox pàdé, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, ní ọdún 1925. Ní 1947, Blackwell di olórí ẹ̀ka ìṣirò níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 28. Iṣẹ́ kíkọ́ni pọ̀ lọ́rùn àwọn olùkọ́ ibẹ̀, àkókò fún ìwádìí sì kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gúnyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí ó lò níbẹ̀, ó tẹ àpilẹ̀kọ tí ó lé ní 20 jáde.

Àṣìṣe tí ó so èso

Kì í ṣe sìtàtísíìkì ni Blackwell kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ ìṣeéṣe ni. Àṣìṣe kan ni ó mú un wọ inú sìtàtísíìkì. Ní ọdún 1945, ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìpàdé àwọn onímọ̀ sìtàtísíìkì ní Washington. Abraham Girshick, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn, ni ó sọ̀rọ̀. Ó mẹ́nu ba àbájáde kan tí ó ti ọwọ́ Abraham Wald wá, nípa iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ń ṣe ní ìpele-ìpele, tí ó sì lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà tí ẹ̀rí bá tó.

Blackwell kò gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí ó délé, ó ronú àpẹẹrẹ kan tí ó rò pé ó já àbájáde náà nírọ́, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Girshick. Àpẹẹrẹ náà kò tọ̀nà. Blackwell ni ó ṣì í. Ṣùgbọ́n dípò kí Girshick fi ọmọdé náà ṣẹ̀sín, ó pè é wá jẹun ọ̀sán kí wọ́n lè jọ sọ ọ́. Oúnjẹ ọ̀sán yẹn ni ó bí ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ọdún mẹ́wàá. Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ tí Blackwell kọ lórí sìtàtísíìkì, ní 1946, dá lé ọ̀rọ̀ Wald yìí gan-an. Ní 1954, òun àti Girshick jọ tẹ ìwé ńlá kan jáde, Theory of Games and Statistical Decisions, èyí tí ó da tíọ́rì ayò ìdíje pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìpinnu.

Tíọ́rẹ́ẹ̀mù Rao àti Blackwell

Iṣẹ́ tí orúkọ Blackwell kò fi ní parẹ́ nínú ìwé sìtàtísíìkì ni èyí tí ó ṣe ní 1947. Calyampudi Radhakrishna Rao, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà, ti dé ibi kan náà ní 1945 nínú ìwádìí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ iṣẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní tíọ́rẹ́ẹ̀mù Rao àti Blackwell. Àpẹẹrẹ kan láti inú ọjà lè mú ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Ká sọ pé ìyá kan fẹ́ ra ọsàn tí ó kún ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fẹ́ mọ ìdá tí ó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ kí ó tó náwó. Kò lè wo gbogbo rẹ̀ tán, nítorí náà ó mú 20 láti ibi gbogbo nínú ọkọ̀ náà láìṣàyàn, ó ń là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbájáde rẹ̀ ni pé mẹ́ta bàjẹ́, 17 sì dára.

Ẹnì kan lè wò ó ní ọ̀nà wúruwùru báyìí: kí ó wo ọsàn àkọ́kọ́ nìkan. Bí ó bá bàjẹ́, kí ó ní gbogbo ọsàn inú ọkọ̀ ni ó bàjẹ́. Bí ó bá dára, kí ó ní kò sí èyí tí ó bàjẹ́. Ohun ìyanu ni pé ìfojúbù yìí kò ṣègbè. Bí a bá tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, tí a sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀, ibi tí ó yẹ ni yóò já sí. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tí yóò fi í ra ọjà, nítorí pé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ó jìnnà sí òótọ́ púpọ̀.

Ohun tí Rao àti Blackwell sọ ni pé a kò ní láti da ìfojúbù wúruwùru yẹn nù. A lè tún un ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní ìtumọ̀ nínú ọsàn 20 náà ni iye tí ó bàjẹ́, ìyẹn mẹ́ta. Èyí tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ àti èyí tí ó kẹ́yìn kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ọkọ̀ náà. Nítorí náà, kí a bi ara wa pé: bí mẹ́ta bá bàjẹ́ nínú 20, kí ni ìpíndọ́gba ohun tí ìfojúbù wúruwùru náà ì bá sọ, bí a bá to àwọn ọsàn náà ní gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n? Mẹ́ta nínú 20 ni ọsàn tí ó bàjẹ́ lè jẹ́ àkọ́kọ́. Ìdáhùn wa sì ti jáde: ìdá mẹ́ta nínú 20, ìyẹn 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ìyá náà ì bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ọsàn, ọgbọ́n orí tó. Nínú àwọn ìṣòro tí ó díjú, ọgbọ́n orí kì í tó, níbẹ̀ ni tíọ́rẹ́ẹ̀mù náà ti wúlò. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfojúbù èyíkéyìí tí kò ṣègbè, bí ó ti wù kí ó burú tó. Kí a wá ìpíndọ́gba rẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rí tí ó ní ìtumọ̀. Èyí tí a bá rí kò ní ṣègbè, kò sì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ láé. Lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò dára jù ú lọ fíìfíì. Lónìí, orúkọ àwọn méjèèjì ti di ọ̀rọ̀ ìṣe lẹ́nu àwọn onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ìṣeéṣe: tí wọ́n bá tún ìfojúbù kan ṣe ní ọ̀nà yìí, wọ́n á ní àwọn ti “Rao-Blackwell” rẹ̀.

Ìjà oníbọn méjì

Láti ọdún 1948 sí 1950, Blackwell a máa lo àkókò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ní RAND, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní California tí ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Tíọ́rì ayò ìdíje, tí von Neumann jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ni ó gba ibẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá ti ta ayò ọlọ́pọ́n rí mọ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí: ohun tí ó yẹ kí n ṣe wà lọ́wọ́ ohun tí mo rò pé ìwọ yóò ṣe, tìrẹ náà sì wà lọ́wọ́ tèmi.

Ìṣòro kan tí Blackwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ni ti ènìyàn méjì tí wọ́n kọjú ìbọn sí ara wọn, tí wọ́n ń rìn bọ̀ wá pàdé ara wọn. Ọta kan péré ni ó wà nínú ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá tètè yìn ín wà ní ọ̀nà jíjìn, ó lè tàsé. Bí ó bá sì tàsé, ọ̀tá tí ó gbọ́ ìró ìbọn yóò rìn wá bá a ní ìtòsí, yóò sì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ pa á. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ jù lè kú kí ó tó yìn ín. Ìgbà wo ni ó yẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ṣe kedere: nígbà tí a bá ro ìṣeéṣe pé kí tẹnìkíní bà pọ̀ mọ́ ìṣeéṣe pé kí tẹnìkejì bà, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì di odindi kan. Bí ọwọ́ àwọn méjèèjì bá dọ́gba nínú ìbọn yíyìn, ibi tí ìbà àti ìtàsé ti di dọ́gba-n-dọ́gba ni. Bí ìbọn kò bá ní ìró ńkọ́, tí ènìyàn kò sì lè mọ̀ bóyá ọ̀tá ti tàsé? Ọ̀rọ̀ di mìíràn nìyẹn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ tàbí tí kò mọ̀ ni ó ń yí ìpinnu padà.

Ìbéèrè nípa ogun

Ní RAND kan náà ni onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ti wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìbéèrè tí ó dà bíi pé ó rọrùn. Ó fẹ́ mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Blackwell dá a lóhùn bí wọ́n ti kọ́ ọ: ó ní ìbéèrè náà kò ní ìtumọ̀, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, bíi kí a máa ju owó ẹyọ sókè, ni ìṣeéṣe wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ni ọdún márùn-ún tí ń bọ̀ yóò wá. Onímọ̀ náà ní àwọn mìíràn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í da Blackwell láàmú. Ọkùnrin náà ní ìpinnu gidi láti ṣe, ìmọ̀ sìtàtísíìkì sì ti dá a padà lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ni òun àti Leonard Jimmie Savage jọ sọ̀rọ̀. Savage gbà pé ìṣeéṣe lè jẹ́ òṣùwọ̀n bí ènìyàn ṣe gba ohun kan gbọ́ tó, tí yóò sì máa yí i padà bí ẹ̀rí tuntun bá ṣe ń dé. Ìlànà yìí ni a ń pè ní ti Bayes. Blackwell gbà á tọkàntọkàn. Nígbà tí ó kọ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Basic Statistics, ní 1969, ìlànà Bayes ni ó fi kọ́ wọn, nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ipadàbọ̀ sí Berkeley

Ọdún 1954 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kò bá òfin mu láti ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọdún yìí kan náà ni Blackwell bá ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò sọ̀rọ̀ ní Amsterdam, tí Berkeley sì pè é gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò. Ní 1955, nígbà tí ìmọ̀ sìtàtísíìkì di ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí Neyman sì ní àṣẹ, a fún Blackwell ní iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dúró. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí irú ipò bẹ́ẹ̀ tọ́ sí lọ́wọ́ ní Berkeley. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Láti 1957 sí 1961 ni ó jẹ́ olórí ẹ̀ka sìtàtísíìkì ní yunifásítì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí fún un ní 1942.

Ìyẹ́sí tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1955 ó jẹ ààrẹ Institute of Mathematical Statistics. Ní 1965 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí National Academy of Sciences gbà wọlé. Ní 1979 ó gba ẹ̀bùn tí a fi orúkọ von Neumann sọ, ẹni tí ó ti ní kí ó wá sọ ohun tí ó ṣe fún òun ní ọdún 38 ṣáájú. Ó fẹ̀yìn tì ní 1988, ó sì di olóògbé ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ọdún 2010, ní ẹni ọdún 91. Ní 2014, Ààrẹ Barack Obama fi àmì-ẹ̀yẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà, ti ọdún 2012, dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú. Ní 2018, Berkeley fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ NVIDIA fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun èlò kọ̀ǹpútà tuntun tí a ń lò fún làákàyè ẹ̀rọ.

Olùkọ́ tí ó fi òye ṣáájú

Bí a bá bi Blackwell léèrè nípa ìwádìí rẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé òun kò fi ìwádìí ṣe góńgó rí. Kí ọ̀rọ̀ yé òun ni òun ń fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ń wá ni láti lóye ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe. Bí ó bá ti yé e tán, yóò rí i pé a lè sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó kúrú, tàbí pé ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi tàn kálẹ̀ láti inú sìtàtísíìkì dé inú ìmọ̀ ìṣeéṣe, tíọ́rì ayò ìdíje, àti ìṣirò ìpinnu tí ó tẹ̀ léra. Ìdí náà nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yé ni ó lè fi ọ̀rọ̀ yé ẹlòmíràn. Ẹni tí kò yé ni ó máa ń fi èdè tí ó díjú bo ara rẹ̀ láṣìírí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èdè kíkọ́ni kò ní ṣàì rí ẹ̀kọ́ tiwọn nínú èyí.

Àgbálọgbábọ̀

Blackwell kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó kàn án, bí ó bá sì sọ ọ́, kì í fi ìkorò sọ ọ́. Ìwà rere rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwọn òpìtàn tìtorí rẹ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá tí ó fi wà ní Howard, ibẹ̀ kò tíì máa fún ènìyàn ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́ níbẹ̀ jèrè rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ ọ̀mọ̀wé kankan dàgbà níbẹ̀. Nígbà tí ó dé Berkeley, akẹ́kọ̀ọ́ 65 ni ó ṣe alábòójútó wọn títí wọ́n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún 12 wà láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn àti ìgbà tí ó ṣí. Kò sí ẹni tí ó lè ka àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò sí nítorí rẹ̀.

Ọsàn kan ṣoṣo ni wọ́n wò ní 1942, wọ́n sì fi í ṣe ìdájọ́ odindi ọkọ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó fi ìṣirò kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀: kí a pa dà sí ìdí ẹ̀rí, kí a sì lo gbogbo èyí tí ó ní ìtumọ̀ nínú rẹ̀.